Èdè Wo Ni Ọmọ Mi Máa Gbé Lọ sí Guangzhou?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi fẹ́ máa lọ ra bàtà wá láti Guangzhou, ìlú kan ní gúúsù Ṣáínà, ó sì ti ń kọ́ èdè Mandarin. Ẹnìkan wá ní Cantonese ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé bí Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ ni méjèèjì ṣe rí. Ṣé owó mi ti wọgbó ni? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ Ṣáínà?
Ìyá Oníbàtà, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ kú ọjà o. Owó yín kò wọgbó, àmọ́ ẹni tó fi í wé Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ ṣì í wí. Ará Òmù-Àrán àti ará Ọ̀ffà á gbọ́ ara wọn yé. Ará Beijing tí kò kọ́ Cantonese rí kò ní í gbọ́ ọ. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní, Cantonese ní mẹ́fà. Ìwé kíkọ ló so wọ́n pọ̀: àmì kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, kálukú á sì pè é bó ṣe mọ̀ ọ́n pè.

Putonghua, ìyẹn Mandarin tí ìjọba gbé lé ohùn Beijing, ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2001 ló fi í ṣe èdè àjùmọ̀lò gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ yín á rí ẹni bá dúnàádúrà.

Iye owó gan-an ni kó ṣọ́. Mẹ́rin ni sì, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. Mẹ́wàá ni shí, ohùn rẹ̀ ń gòkè. Ọ̀pọ̀ ará gúúsù kì í pe "sh" yẹn, "s" ni wọ́n ń sọ ọ́ dà, bí ará Ìbàdàn ṣe ń ṣe sí "ṣ" tiwa. Ohùn nìkan ló wá kù láti ya mẹ́rìnlá (shísì) sọ́tọ̀ kúrò lára ogójì (sìshí). Kó tẹ iye náà sórí kàkúlétọ̀, kí òǹtàjà fojú rí i, kó tó sanwó.

Ní ti jíjẹ́ ọmọ Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ará Guangzhou kò rí ìjà láàárín ìyẹn àti Cantonese. Ní July 2010, ìgbìmọ̀ kan dábàá pé kí tẹlifíṣọ̀n ìlú náà máa lo Putonghua sí i, nítorí ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Éṣíà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èrò tú síta láti ta kò ó. Èdè wọn ni wọn ò fẹ́ kó parun. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ya kúrò. Ní Hong Kong, níbi tí wọ́n ti ń sọ Cantonese bákan náà, òṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì yẹ kó ya ará Ìlọrin lẹ́nu pé èdè àti orírun kì í fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀: ìdílé Fúlàní, Tápà àti Bàrùbá ló kún ibẹ̀ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé.

Kí ọmọ yín ṣáà fi Cantonese díẹ̀ kún un. Mgoi ni kó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a gbẹ́rù. Tí wọ́n bá fún un lẹ́bùn, dojeh ni.