Ṣé kí n gba kámú?

ÌBÉÈRÈ: Tẹ́lọ̀ ni mí n'Ìsánlú. Ọ̀nà wa ti bàjẹ́: tí mo bá lọ ra síìpù àti òwú ní Kábbà, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó padà. Àwọn oníbàárà ń gba aṣọ láwìn, wọn kì í sanwó. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ọbẹ̀ tí mo sè tó dùn lẹ́nu wọn. Ọkọ mi ní àròyé mi ti pọ̀ jù, pé kí n gba kámú. Ṣé kí n gbà á lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Òkun o, ìyá, ẹ kú ìfaradà. Ọkọ yín ò jẹ̀bi tán, wọn ò sì jàre tán. Ohun mẹ́ta lẹ dì sínú ẹrù kan. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Àwìn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí ẹ̀yin lẹ ń fi aṣọ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má gba kámú fún un rárá. Ẹ gba ìdajì owó kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ, kí wọ́n san ìyókù kó tó kúrò lórí ìkọ́. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kẹ́nikẹ́ni má rò pé òun lẹ dójú lé. Ẹnì kan tàbí méjì á bínú lọ. Ẹ wo ìwé gbèsè yín kẹ́ ẹ tó ṣàárò wọn. Gbèsè ọdún mẹ́ta tẹ́ni tó jẹ ẹ́ ti kó lọ sí Àbújá, ẹ fa igi lé e.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ lọ̀nà yẹn, ẹ̀yin àtèmi ò lè fi ṣọ́bìrì dí kòtò ẹ̀ láti Mọ̀pà dé Kábbà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń rìn ín? Aránṣọ kan bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. A jọ kà á: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló lọ láàárín oṣù kan, mẹ́rin nínú ẹ̀ torí síìpù kan ṣoṣo! Ó wá ń kọ ohun tó ń tán sẹ́yìn páálí, ó ń fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, awakọ̀ kan sì ń bá a kó o bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Kòtò ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa sọ ti ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ nípàdé ìdàgbàsókè ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí aṣojú Yàgbà l'Ábújá. Ọmọ iṣẹ́ yín ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹkún fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá ń sunkún à á máa ríran. Àròtúnrò ló ń pani lára. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, Susan Nolen-Hoeksema, ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford ní California, l'Amẹ́ríkà, léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bínú wọn bá bàjẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì titi níbẹ̀, lọ́dún 1989. Nígbà tó tún yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tó ti máa ń jẹ ìbànújẹ́ lájẹtúnjẹ tẹ́lẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì wọn pọ̀ jù.

Ó wá ku ìyá ọkọ yín. Ẹ̀yin ò lè tún ẹnu àgbà rọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n àgbà kì í sáábà gbọ́ adùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oògùn míì náà sì máa ń ba adùn jẹ́ lẹ́nu. Ó lè má jẹ́ ìkà. Lọ́jọ́ kan, ẹ pè wọ́n sídìí iná, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bu irú sí i, kẹ́ ẹ sì máa bu tiwọn sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èébú ló ń tẹ̀ lé ọbẹ̀, ọmọ wọn ló máa bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Nírọ̀lẹ́ tí ìjà ò sí, ẹ sọ fún ọkọ yín pé: "Mo ti gba kámú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ẹ bá mi bá màmá sọ̀rọ̀ lórí èébú iwájú àwọn ọmọ." Tí màmá bá tún ní ọbẹ̀ ò dùn, ẹ ní "Ẹ ṣeun mà," kẹ́ ẹ padà sídìí máṣíìnì yín.