Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Búlọ́ọ̀kù àti Ìgbátí Kúìtì Kò Ṣe Ní Wọ́ Lórí Férémù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi àgékù ańkárá àti àdìrẹ rán ìbora kúìtì kan fún ọmọ mi obìnrin tí ó ń lọ sílé ọkọ. Ojú rẹ̀ gún régé nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí férémù tí a fi ń na kúìtì, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn (longarm) rán an mọ́ òwú àárín tí ń mú un nípọn àti aṣọ ẹ̀yìn, àwọn búlọ́ọ̀kù, ìyẹn àwọn ègé onígun mẹ́rin tí mo so pọ̀ di ojú kúìtì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìlà kẹta ti dagẹ̀rẹ̀, ìgbátí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ọ̀já aṣọ tí ó wà ní etí kúìtì, sì ṣẹ́po ní igun ìsàlẹ̀. Mo fa aṣọ náà le dáadáa, síbẹ̀ kò gbọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Houston, Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú iṣẹ́ ọwọ́. Gbólóhùn tí ẹ sọ nípa fífa aṣọ le ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàhálà yìí ti ń wá. Bí aṣọ bá le jù lórí férémù, ibi tí a gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí fọ́nrán aṣọ yóò nà ju ibi tí a gé tààrà lọ, nígbà tí ẹ bá sì tú u sílẹ̀, yóò sún padà, ojú rẹ̀ yóò sì hunjọ. Ẹ ti ìka kan láti abẹ́ aṣọ náà sókè; bí ẹ bá lè fi ọwọ́ kejì di orí ìka náà mú láti òkè, líle rẹ̀ ti tó. Kílípù ẹ̀gbẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣe ju pé kí ó mú aṣọ ẹ̀yìn tẹ́jú lọ.

Ìrán ni ń mú kúìtì dúró, ètò tí ẹ fi rán an sì ṣe pàtàkì. Èrò tèmi ni pé kí egungun kúìtì kọ́kọ́ dúró kí a tó fi ẹran, ìyẹn ọnà inú búlọ́ọ̀kù, bò ó. Egungun náà ni gbogbo ojú ìrán tí ó ya búlọ́ọ̀kù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àti èyí tí ó so ìgbátí mọ́ àárín. Ẹ ti ẹ̀rọ yín pa kí ó lè máa lọ sí ọ̀tún àti òsì nìkan, kí ẹ sì rán ìlà tààrà kan sórí òwú àárín àti aṣọ ẹ̀yìn. Ìlà yìí ni ẹ ó tẹ́ etí òkè kúìtì lé. Ẹ fi pínnì mú àárín rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ mú igun méjèèjì, kí ẹ tó ta á ní tákì, ìyẹn ìrán tí a kàn fi ń dì í mú, ní nǹkan bí 1/8 íǹṣì sí etí. Ẹ ta ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà dé ibi tí apá ẹ̀rọ bá lè dé, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ká aṣọ síwájú.

Nígbà náà ni ẹ ó fi òwú ìránṣọ tín-ín-rín rán inú kòtò ojú ìrán, ìyẹn ojú ibi tí aṣọ méjì ti pàdé, pẹ̀lú rúlà oníke tí ó nípọn tó 1/4 íǹṣì, kí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ má baà gun orí rẹ̀. Kí ẹ tó rán èyí tí ó lọ ní ìbú, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè, ẹ tún ti ẹ̀rọ pa, kí ẹ sì wọ́ ọ kọjá lórí ojú ìrán náà láti òpin dé òpin. Ibi tí ojú ìrán bá ti yà kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi ìka tún ṣe, kí ẹ fi pínnì mú un, kí ẹ tó rán an. Ẹ ṣe báyìí dé ìsàlẹ̀ kúìtì, kí ẹ wá ká a padà láti fi ọnà kún inú búlọ́ọ̀kù. Àwọn kan kò fẹ́ràn kíká-síwá-sẹ́yìn yìí. Bí ó bá jẹ́ ọnà kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ fi bo gbogbo kúìtì, títa ẹ̀gbẹ́ ní tákì tó. Ṣùgbọ́n kúìtì tí ó ní búlọ́ọ̀kù àti ìgbátí yẹ fún wàhálà náà.

Ìgbátí tí ó ṣẹ́po ní igun ìsàlẹ̀ ti gùn ju àárín lọ kí ó tó dé orí férémù. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba aṣọ tí ó lé ni ẹ ń tì sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì kóra jọ sí igun. Ẹ tú ìrán padà dé ibi tí ìlà ti gún. Bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ íǹṣì 12, ẹ fi pínnì sàmì sí ibi tí ìgbátí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a parí, kí ẹ pín èyí tí ó lé káàkiri àárín àmì méjì, kí ẹ tó ta á ní tákì. Ooru áyọ́ọ̀nù lè mú díẹ̀ sún kì. Bí ó bá pọ̀ ju èyí lọ, ẹ tú ìgbátí náà kúrò, nítorí pé kò sí ọnà tí yóò bò ó. Ẹ wọn gígùn kúìtì ní ojú mẹ́ta, láàárín àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ mú ìpíndọ́gba rẹ̀, kí ẹ sì gé ìgbátí méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà. Ẹni tí ó bá kàn ń rán ọ̀já gígùn lọ, tí ó wá gé èyí tí ó ṣẹ́kù dànù, aṣọ yóò nà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo tún fura sí àdàpọ̀ aṣọ yín. Ańkárá tuntun máa ń le nítorí ohun tí wọ́n fi dán an, èyí tí a ti fọ̀ sì máa ń rọ̀, nítorí náà wọn kì í nà bákan náà. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fọ gbogbo wọn kí ẹ tó gé wọn, kí ẹ sì fi sítáàṣì lọ̀ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Àyè ìránṣọ lórí férémù mi kò ju íǹṣì 8 lọ, búlọ́ọ̀kù mi sì jẹ́ íǹṣì 12. Báwo ni mo ṣe lè mú un dúró? Ṣé mo sì lè ṣe ọnà tó kún nínú búlọ́ọ̀kù, kí n fi ìgbátí sílẹ̀ lófìfo? — Aránṣọ, Peckham, London

ÌDÁHÙN: Ẹ rán kòtò òkè àti ìdajì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ ta tákì kọjá lójú ibi tí apá ẹ̀rọ parí sí, kí ẹ tó ká a. Òwú ìránṣọ tí ń yọ́ sínú omi dára fún tákì yìí, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí omi tàbí ooru áyọ́ọ̀nù kàn án títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àyè náà yóò máa dín kù bí aṣọ ṣe ń pọ̀ lórí ọ̀pá ìkáṣọ, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé íǹṣì 8 náà ni yóò kù fún yín nísàlẹ̀.

Ní ti ìgbátí, n kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọnà tó kún máa ń fa aṣọ wọlé. Bí àárín bá fà tí ìgbátí kò fà, ìgbátí yóò máa ru sókè kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ fi ìlà tààrà sí i, kí ó sún mọ́ra bí ọnà àárín, kí ẹ sì wo ara páálí òwú àárín yín fún àlàfo tó fẹ̀ jù lọ tí wọ́n gbà láàyè láàárín ìrán kan àti èkejì.