Aago onígi fún ọ̀gá tó ń fẹ̀yìntì: igi wo ni kí n lò?

Ìbéèrè: Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀gá àgbà wa, màmá tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, máa fẹ̀yìntì ní oṣù mẹ́ta sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká dáwó ra aago ara ògiri, ká tẹ fọ́tò màmá sí i. Èmi ní rárá, mo ní màá fọwọ́ ara mi ṣe aago onígi fún wọn. Mo ní ayùn àti dírìlì, mo máa ń tún àga ṣe nílé, àmọ́ mi ò ṣe aago rí. Igi wo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa ṣe é tí ojú ò fi ní tì mí?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Oṣù mẹ́ta tó dáadáa bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Igi ló máa jẹ àkókò yòókù.

Kí ẹ tó gba Bódìjà lọ ra pákó, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé kò sí tábìlì tàbí bẹ́ǹṣì àtijọ́ kan tó ti kán, tí wọ́n jù sẹ́yìn kíláàsì yín? Bí ó bá wà, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì tú pákó ojú rẹ̀. Igi tó ti wà nínú ilé fún ogún ọdún ti gbẹ tán, kò ní dà yín láàmú. Èyí tó tún wù mí jù níbẹ̀ ni pé màmá máa dá igi náà mọ̀. Aago oníike tí wọ́n tẹ fọ́tò sí, mélòó ló wà nílé màmá báyìí láti ibi ìgbéyàwó àti òkú? Ẹ kàn yọ gbogbo ìṣó inú pákó náà kí ẹ tó ki ayùn bọ̀ ọ́.

Bí kò bá sí bẹ́ǹṣì, ọ̀gánwó ni kí ẹ rà. Ó pupa dáadáa, kò le jù lábẹ́ ayùn. Ìrókò náà dára, ó sì ń dúdú sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń ta èèyàn nímú, ó sì ń yún ara àwọn mìíràn. Ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ fi arère sílẹ̀. Ó rọrùn láti gbẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má ra pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo ti jẹ ìyà ìyẹn rí. Nígbà òjò ni mo ṣe aago kan fún oníbàárà, pákó tútù ni mo lò torí pé wọ́n ń lé mi. Ó ń dán bíi dígí lọ́jọ́ tí mo gbé e fún wọn. Ọyẹ́ dé, wọ́n pè mí: ojú aago ti là láti àárín dé etí, níbi aago mẹ́rin gan-an. Mo dá owó wọn padà. Pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú bó bá ń gbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń súnkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lẹ pákó mẹ́ta tó fẹ̀ ní ìǹṣì mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ fún aago oní-ìǹṣì 12, dípò kí n wá pákó gbàràmù kan. Ẹ tò wọ́n sínú yàrá fún oṣù kan kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín kí atẹ́gùn lè kọjá.

Láàárín oṣù yẹn, ẹ lọ ra ẹ́ńjìnì aago. Ibi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á parí igi tán, wọ́n á wá rí i pé ọ̀pá ẹ́ńjìnì kò yọ síwájú. Èyí tó ń lo bátìrì ẹyọ kan ló wà níta, àpótí rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 56 ní ìbú àti òró. Ẹ wo ibi tí wọ́n fín bíi síkúrúù lára ọ̀pá rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gùn ju nínípọn igi ibẹ̀ lọ ní bíi mìlímítà mẹ́ta, kí nọ́ọ̀tì lè rí ibi dì mú. Pákó yín máa nípọn jù, nítorí náà ẹ máa gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé títí tó fi máa ku bíi mìlímítà mẹ́fà láàárín. Ẹ gbẹ́ ẹ nígbà tí pákó ṣì ní igun mẹ́rin. Bí ẹ bá ti gé e róbótó tán, kò ní rọrùn láti dè mọ́lẹ̀. Dírìlì mìlímítà 8 ló ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀pá mu, àmọ́ ẹ wọn tiyín.

Kí ẹ bèèrè èyí tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ń yọ́ lọ, tí kì í ké. Ẹni tó ti fi ọdún 35 gbọ́ aago ilé ìwé kò tún nílò èyí tó máa pariwo sí i létí lóru.

Ti nọ́ńbà kò le. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fa òbírí sójú igi, ẹ má sún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ṣí yẹn náà, ẹ máa fi tẹ etí òbírí náà láti ibi 12: ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa lọ, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn yẹn ni 12, 2, 4, 6, 8 àti 10. Ẹ pín àárín méjì-méjì, ẹ ti ní gbogbo rẹ̀. Èmi kì í kọ nọ́ńbà. Mo máa ń lu ihò kékeré, mo sì ń fi igi tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ dí i. Fún màmá yìí, mo lè fi igi funfun dí ibi aago mẹ́jọ nìkan, torí ìgbà tí wọ́n ń lu aago àárọ̀ nìyẹn.

Sanpépà 80, 120, 180, 240, ẹ má fo ìkankan, kí ẹ sì tẹ̀lé bí ìlà igi ṣe lọ. Fáníṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó gbẹ láàárín. Bó bá jẹ́ òróró linseed lẹ fẹ́, ẹ tẹ́ àkísà tẹ́ ẹ fi pa á sílẹ̀ níta kó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá ká a jọ sígun ilé, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ wákàtí lẹ máa kọ́kọ́ tì wọlé, lẹ́yìn náà ti ìṣẹ́jú, kí méjèèjì kọjú sí 12, kí wọ́n má sì kanra wọn.

Orúkọ màmá, ọdún tí wọ́n wọṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n kúrò, ẹ̀yìn aago ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí iwájú rí bíi aago, kì í ṣe bíi abọ́ sùfẹ́níà. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ mú òòlù, ìṣó kọnkéré kan àti bátìrì tuntun dání; màmá lè ní kí ẹ gbé e kọ́ kí ẹ tó jókòó jẹun.