Ẹ Bi Wá Ká Jọ Yẹ̀ Ẹ́ Wò: Dírììlì Oníhámà àti Ògiri

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ dírììlì oníhámà, èyí tí wọ́n fi ń lu ògiri, ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lọ́tẹ̀ yìí, ewu tó sì wà nínú àwọn kan ò jẹ́ kí n lè fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà míì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dírììlì oníhámà kan wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá fi lu búlọ́ọ̀kù kíá ló ń wọlé, àmọ́ tó bá ti dórí òpó kọ́ńkéré ó kàn ń pariwo lásán ni, àfi kí n fi àyà tì í. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àyà tì í mọ́ o. Ká tó sọ pé ó bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ń yàn án bóyá kó máa yí nìkan àbí kó máa lu, wọ́n máa ń ya òòlù kékeré kan síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà orí àwòrán bíìtì, irin tó ń wọ inú ògiri, ló máa wà tí èèyàn ò sì ní mọ̀. Ẹ tún wò ó bóyá kì í ṣe ẹ̀yìn ló ń yí sí. Lẹ́yìn náà ẹ yọ bíìtì, ẹ gbé e sábẹ́ iná. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n há sẹ́nu ẹ̀ níbi ṣóńṣó, kábáàdì nìyẹn, òun ló le débi tó fi lè fọ́ òkúta, irin lásán ni ara bíìtì tó kù. Tí igun kábáàdì yẹn bá ti di róbótó, tàbí tó ti kán lápá kan, tàbí tí ooru ti sọ ẹnu bíìtì di búlúù, bó ti wù kẹ́ẹ tì í tó kò ní wọlé, ẹ ra òmíì. Tó bá sì gbóná, ẹ má tì í bọ omi, kábáàdì lè sán, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, a jẹ́ pé irú ẹ̀rọ náà gan-an ni. Nínú dírììlì oníhámà lásán, irin pẹrẹsẹ méjì tó léyín ló kọjú síra wọn, bí ọ̀kan ṣe ń yí lórí èkejì ni eyín wọn ń gun ara wọn tó sì ń já bọ́, ìyẹn ló ń lu bíìtì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ìlù tí ò lágbára ni. Ó tó fún búlọ́ọ̀kù àti bíríkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní rotary hammer yàtọ̀, písítìnì ló wà nínú tiẹ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ju òòlù lu ìdí bíìtì, ìlù ẹ̀ ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́ àmọ́ ó wúwo gan-an, ọwọ́ yín kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bíìtì SDS ló ń lò, èyí tí ìdí ẹ̀ ní kòtò tó fi ń há mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, SDS-plus ló sì wọ́pọ̀ jù, ìdí ẹ̀ nípọn ní mìlímítà 10. Tó bá jẹ́ ihò méjì mẹ́ta lẹ fẹ́ lu, ẹ fi bíìtì mìlímítà 6 ṣíwájú kẹ́ẹ tó fi 10 tẹ̀lé e, kẹ́ẹ sì máa fà á síta lóòrèkóòrè kó lè kó eruku jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni, ìyà ni dírììlì lásán máa fi jẹ yín, ẹ wá ẹ̀rọ SDS.

Ohun kan kù. Òpó kọ́ńkéré ní ròdù, irin ilé, nínú. Tí bíìtì bá ti ń lọ dáadáa tó wá dúró lójijì, tí ìró ẹ̀ yí padà tó wá ń dún wáyín-wáyín, tí eruku tó ń jáde ò funfun mọ́ tó wá ń dán dúdúdúdú, ròdù lẹ bá pàdé. Ẹ sún ihò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ròdù yẹn wà lára ohun tó gbé ilé dúró, ẹ má gé e.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, eruku ògiri yìí, ṣé ó burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Aṣọ ni mo máa ń so mọ́mú, tí mo bá lu ihò tán mo máa ń fi ẹnu fẹ́ ẹ kí fíṣà, ike tí síkúrù máa ń wọ̀ sí, lè wọlé.

Ìdáhùn: Ó burú. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo dírììlì fara balẹ̀ kà. Nínú yanrìn, nínú kọ́ńkéré, nínú bíríkì, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní sílíkà, tí bíìtì bá lọ̀ ọ́ ó máa ń kúnná débi pé ojú ò lè rí i, èyí tẹ́ ẹ ń rí tó ń bọ́ sílẹ̀ yẹn kọ́ ló léwu jù, èyí tẹ́ ò rí ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló máa ń lọ, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ara ò ní lè lé e jáde, ẹ̀dọ̀fóró á wá máa lápàá díẹ̀díẹ̀ títí mímí lásán á fi di iṣẹ́ ńlá. Silicosis ni wọ́n ń pe àìsàn náà, kò sì tíì ní ìwòsàn. Lọ́dún 1997 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka eruku sílíkà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Nínú òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2016, tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù sílíkà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, 50 péré nínú ẹ̀ ni wọ́n gbà kó wà nínú afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe kéré tó.

Aṣọ ò lè dá a dúró. Ìbòmú N95 ni kẹ́ẹ lò, tàbí FFP2, FFP3 ló tún wá dáa jù, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú yíká, torí náà ẹni tó bá ní irùngbọ̀n gbọ́dọ̀ fá a kó tó ṣiṣẹ́ fún un. Tẹ́ ẹ bá ní fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, tó ní fílítà HEPA tó ń dá eruku kíkúnná dúró, kí ẹnìkan gbé ẹnu ẹ̀ sábẹ́ ihò bẹ́ ẹ ṣe ń lù ú. Èyí tó bá ti balẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, ṣe lẹ máa tún gbé e dìde, aṣọ tútù ni kẹ́ẹ fi nù ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ dírììlì kúrò lára iná. Ti ẹnu tẹ́ ẹ fi ń fẹ́ ihò, inú ojú yín ni eruku yẹn ń padà sí, pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré wà fún un, ẹ sì wọ gọ́gùsì. Lóòótọ́ ihò gbọ́dọ̀ mọ́, fíṣà tó bá jókòó sórí eruku kì í di síkúrù mú, torí ẹ̀ kẹ́ẹ jẹ́ kí ihò fi nǹkan bíi mìlímítà 10 jìn ju fíṣà lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, orí àkàbà ni ọkọ mi wà tí bíìtì fi há sínú ògiri, bí dírììlì ṣe yí mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wú. Báwo ló ṣe lè máa lò ó tí irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí wọn. Tí wíwú yẹn ò bá tíì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́ náà, ẹ má kàn fi òróró ra á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bíìtì dúró àmọ́ mótò ò dúró, ara dírììlì ló wá kù tó máa yí, ọwọ́ tó dì í mú á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ìdìmú kejì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ ọ́ sínú àpótí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a jáde kí wọ́n dè é kó le, kí wọ́n máa fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Bọ́tìnnì tó máa ń jẹ́ kí dírììlì máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn téèyàn bá ti jọ̀wọ́ súwíìṣì, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ lórí àkàbà láéláé. Tó bá tún há, kí wọ́n jọ̀wọ́ súwíìṣì, kí wọ́n yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí wọ́n tú dírììlì kúrò lára bíìtì, kí wọ́n fi sípánà yí bíìtì sẹ́yìn.

Kí wọ́n sì dí etí, ariwo dírììlì yìí sábà máa ń kọjá désíbẹ́ẹ̀lì 100, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo, nínú kọ́ńkéré. Tí ìka wọn bá ń kú tàrà tàbí tó ń funfun nígbà òtútù, ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ lè wà lára ohun tó fà á, kí wọ́n tètè rí dókítà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi hámà lu táìlì? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bí wáyà iná bá wà lẹ́yìn ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ pa hámà títí bíìtì á fi la táìlì kọjá, yíyí nìkan, díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fọ́. Ti wáyà, òkè, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì ló sábà máa ń gbà lọ tààrà, ẹ má lu ihò sójú ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fa wáyà ló ń tẹ̀ lé e ṣá, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń wá wáyà, kẹ́ẹ sì pa iná apá ibẹ̀.

Ìbéèrè: Iná ń ṣẹ́ yọ nínú dírììlì mi, ó tún ń rùn bí ohun tó ń jóná, nígbà míì àfi kí n gbá a kó tó ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Iná búlúù kékeré ò burú, àmọ́ tó bá gùn, tó pọ́n, tó sì ń yí ká, bọ́ọ̀ṣì kábọ̀n ti jẹ tán nìyẹn. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ná. Lára ọ̀pọ̀ dírììlì, ìdérí róbótó kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹ fi sikurudíráfà tú u jẹ́jẹ́ torí sípíríǹgì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó lè fò jáde. Ohun dúdú onígun mẹ́rin tó wà lẹ́nu sípíríǹgì yẹn ni kábọ̀n, òmíì ní ìlà tó ń fi ibi tó gbọ́dọ̀ jẹ dé hàn, tí ò bá ní ìlà tó sì ti kù bíi mìlímítà 5, ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lù ú fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó yí lófìfo fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ẹ tó pa á, fáànù inú ẹ̀ á lé ooru jáde. Ẹ máa fẹ́ eruku kúrò ní ojú ihò tó fi ń mí, kẹ́ẹ sì tú wáyà ẹ̀kísténṣọ̀n yín tán pátápátá, èyí tó bá wà ní kíká máa ń gbóná. Tó bá jẹ́ SDS, ẹ nu ìdí bíìtì kẹ́ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á kẹ́ẹ tó kì í bọlé. Dírììlì lásán ò nílò ìyẹn, gíríìsì máa ń jẹ́ kí bíìtì yọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni.