Ẹ Bi Wá: Ẹrù Wo Ni Ìdílé Ń Gbé Lọ Sórí Òkè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta, ọmọ ọdún 11, 8 àti 4, lọ gun Òkè Ìdànrè ní Sátidé. Ọkọ mi ní kúlà ìrẹsì kan àti àpò píọ̀ wọ́tà kan ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Omi tí bàbá wọn dá lábàá tó, bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e ni kò dáa. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò kan, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl: lítà 10 nìyẹn, kílò 10 sì ni lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600. Kẹ́ ẹ tó dé ibi ìsinmi kejì, àpò náà á ti máa ge èèyàn lọ́wọ́, àwọn ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ á sì ti máa bẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ á fi eyín já igun ọ̀rá, á mu ìdajì, kò sì sí bí ẹ ṣe máa dé ìyókù. Ilẹ̀ ló ń mu ún. Inú ike onídèérí ni kẹ́ ẹ rọ omi sí.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé. Àgbà tó ń gòkè nínú oòrùn, ìdajì lítà ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá máa lo wákàtí 4 lálọ-lábọ̀, lítà 2 fún àgbà kọ̀ọ̀kan, 1.25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ méjì tó dàgbà, 75cl fún àbíkẹ́yìn. Ó di lítà 7.25. Kí bàbá gbé 3, kí ìyá gbé 2.5, ọmọ ọdún 11 lítà 1, ọmọ ọdún 8 75cl. Ẹrù ọmọdé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ: ọmọ tó bá wọn kílò 25, kílò 2.5 ni ìpẹ̀kun, àti báàgì àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ò gbé nǹkan kan ju fèrè rẹfirí tẹ́ ẹ so kọ́ ọ lọ́rùn, kó lè fọn ọ́n bí kò bá rí yín mọ́.

Ẹ má ṣírò omi mọ́ àtẹ̀gùn nìkan o. Bí àtẹ̀gùn bá parí, ìlú àtijọ́ ló kù láti rìn, ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, lórí àpáta tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibòji. Ibẹ̀ lomi ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ omi tútù, ìdajì àwọn ike nìkan ni kẹ́ ẹ kó sí fíríìsà mọ́jú, ẹ má sì rọ wọ́n kún dẹ́nu, torí omi tó bá dì máa ń wú, á fa ike ya. Tẹ́ ẹ bá di gbogbo rẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ yín, ẹ ó máa wo yìnyín.

Kúlà ìrẹsì, ilé ni kó wà. Ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìsàn ti ń pọ̀. Wákàtí 2 ni oúnjẹ sísè lè lò níta. Bí ooru bá mú gan-an, wákàtí 1. Búrẹ́dì, ìpékeré, ṣin-ṣin, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó. Ẹ má fún ọmọ ọdún 4 ní ẹ̀pà, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ mú ọ̀já dání, torí òun náà á sọ pé òun ò rìn mọ́. Ẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ẹ má gbé e kọ́rùn: ọmọ tó wà lọ́rùn máa ń fa èèyàn sẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn.

Mo ra kánfáàsì tuntun fún ọmọ mi nítorí òkè yìí. Bàbá rẹ̀ ní kó wọ sílípásì, kí kánfáàsì má baà bàjẹ́. Ta ló jàre? – Òṣogbo

Kò sẹ́ni tó jàre. Sílípásì ò di gìgísẹ̀ mú. Bí ọmọ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ́ síwájú, bàtà á kù sẹ́yìn. Kánfáàsì tuntun náà á sì bó o lẹ́sẹ̀. Kó ti máa wọ̀ ọ́ káàkiri ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ bàtà náà wò: bí rọ́bà rẹ̀ bá le gbagidi, á máa yọ̀ lórí àpáta. Kí àyè ìbú àtàǹpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka, kẹ́ ẹ sì gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ti ìka mọ́ iwájú bàtà. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kejì dání. Bó bá ní ibì kan ń ta òun lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ibi tó pọ́n kó tó lé ròrò. Bó bá ti lé, ẹ má bẹ́ ẹ.

Oṣù kẹjọ la fẹ́ lọ síbi ìṣàn omi Erin-Ìjèṣà. Kí ni ká fi kún ẹrù? – Ìkẹjà

Aṣọ òjò dípò agboòrùn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Aṣọ gbígbẹ àti fóònù nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì pinpin. Bàtà tó ṣeé fi wọ omi, torí òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀ gan-an. Ìpele 7 ló wà níbẹ̀, kò sì pọn dandan kí ọmọdé kọjá àkọ́kọ́. Bí omi bá ṣàdédé dọ̀tí tó sì ń kún, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn: ẹ kúrò níbẹ̀ kíá.

Ọmọ mi ní ikọ́ fée. Inú báàgì wo ni kí inhaler rẹ̀ wà? – Adó-Èkìtì

Kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì rárá. Àpò ṣòkòtò àgbà tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà ni kó wà, kì í ṣe ti ẹni tó ti lọ níwájú. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fọ́n ọn wò lẹ́ẹ̀kan.

Bí ejò bá bu èèyàn jẹ lórí òkè ńkọ́? – Oǹdó

Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í. Ẹ bọ́ bàtà àti òrùka kó tó wú. Ẹ fi igi àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà kó má baà mira, kí àwọn àgbà gbé onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ má lépa ejò náà.