Ìbọn ẹlẹ́nu méjì bàbá àgbà: má jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà kàn án

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ, pé báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ ní Kétu yẹn ti pẹ́, àti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Kọ́kọ́ wò ó pé kò sí katúṣì (ọta ìbọn) nínú ẹ̀, ìyẹn o ti mọ̀. Yọ ọ̀pá ẹ̀ kúrò lára igi, dojú ẹ̀ délẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó o bá rí ELG nínú àmì róbótó gígùn kan, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dán ọ̀pá náà wò. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó rọ ọ́ o! Tí adé bá wà lórí ẹ̀, ọdún 1893 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n lù ú.

Ti bàbá tèmi ní Ṣábẹ, ọ̀pá onílà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní dàmásì. Wọ́n á lọ́ irin oríṣi méjì pọ̀ bí okùn, wọ́n á fi iná àti òòlù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ á wá yí ọ̀pá ká láti ìdí dé ẹnu. Mo gbé e lọ gbàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí n fi sílẹ̀, "padà wá lọ́la" ni ṣáá, wọ́n gbé e ti ògiri tí omi ń jò sí, ìgbà tí mo máa rí i gbà, ó ti dípẹtà. Ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó láwọn òyìnbó ló kọ́ òun níṣẹ́ ìbọn ní òun á fi òróró pa á. Òróró wo? Sáńpépà ló fi bó o, ìlà lọ, ELG lọ, nọ́ńbà lọ, adé ku ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tún gbowó lọ́wọ́ mi! Títí dòní tí mo bá fọwọ́ pa ibẹ̀, inú mi máa ń bàjẹ́.

Gbọ́ o, tí tìẹ náà bá nílà, má fi katúṣì òde òní yìn ín, ẹtù dúdú ni wọ́n ṣe é fún, agbára ẹtù tí kì í rú èéfín lè fọ́ ọ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àtijọ́ míì sì rèé, 65 milimítà ni gígùn ihò tí katúṣì ń wọ̀ nínú ẹ̀, katúṣì 70 á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹnu katúṣì ò ní ráyè là dáadáa tó bá bú. Báwọn ọdẹ bá fẹ́ yá a lọ́jọ́ ọdún Ògún, má fún wọn.

Tí ò bá sí ELG, wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ láàárín, wọ́n lè kọ Saint-Étienne síbẹ̀, Faransé nìyẹn. Nọ́ńbà 12 tàbí 16 tó o bá rí, bó ṣe kéré sí ni ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ sí. Àkísà àti òróró díẹ̀ ti tó fún un. Ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ wá ká jọ wò ó.