Ṣé ẹni tó wọ hárámì lè fi etí erin pa ara?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà. Nígbà tí mo lọ ṣe Úmúrà, itan mi méjèèjì bó, nítorí ọkùnrin kì í wọ ṣòkòtò sábẹ́ hárámì, aṣọ ìjọ́sìn tí a ń wọ̀ fún Úmúrà àti Hajj. Hajj ló kàn báyìí. Ìyàwó mi ní kí n máa fi omi etí erin, ìyẹn aloe vera, pa á. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní irú rẹ̀ ti di lọ́fínńdà, pé nítorí ẹni tó wọ hárámì kì í lo lọ́fínńdà, màá san ìtánràn. Ẹlòmíràn ní kí n tún máa mu ún láràárọ̀ nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù. Ẹ fi pa itan yín, arákùnrin mi, kò ba hárámì jẹ́.

Àwọn tó ṣáájú wa ti béèrè irú rẹ̀ rí. Nínú àkójọ àdíìsì Imam Muslim, Umar ọmọ Ubaydullah wà nínú hárámì nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójú ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí Aban ọmọ Uthman. Aban ní kó fi sabir lé e, nítorí Uthman, bàbá rẹ̀, sọ pé ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ọkùnrin kan tí ojú ń dùn nínú hárámì ṣe nìyẹn. Sabir ni oje kíkorò tí wọ́n ń fà lára etí erin àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Èyí tó lókìkí jù, erékùṣù Socotra ní Yemen ló ti ń wá. (Ẹ má tìtorí èyí ro omi ewé sójú o. Dókítà ojú wà.)

Imam Nawawi, onímọ̀ tó túmọ̀ àkójọ Muslim yìí, ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ fẹnu kò lórí rẹ̀: ẹni tó wà nínú hárámì lè fi sabir àti irú rẹ̀ tí kò ní lọ́fínńdà tọ́jú ara, kò sì ní san nǹkan kan. Bó bá jẹ́ èyí tó ní lọ́fínńdà ni àìsàn rẹ̀ ń fẹ́, kó lò ó, kó san ìtánràn: ààwẹ̀ ọjọ́ 3, tàbí oúnjẹ fún tálákà 6, tàbí kó pa ẹran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni mọ́ṣáláṣí yín ti lẹ́sẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Ewé tútù kò ní òórùn dídùn kankan, ká má tiẹ̀ purọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ni wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí. Ẹ ka ẹ̀yìn ike náà. Bí ẹ bá ti rí “fragrance” tàbí “parfum”, ẹ dá a padà.

Àwọn kan tún máa ń mú àdíìsì Umm Salamah wá, ẹni tó padà di ìyàwó Òjíṣẹ́, pé ó fi sabir sójú nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlà àwọn tó gbà á sọ kò lágbára, nítorí náà n kò gbé ìdájọ́ kà á. Ti Muslim tó wa.

Ní ti mímu, ẹ má ṣe é. Inú etí erin ní nǹkan méjì. Omi dídán tó ń yọ̀ ló ń tu awọ ara lára. Oje rúsúrúsú tó wà lábẹ́ èèpo ewé, òun ló korò, òun ló sì ń mú inú ṣí. Ìjọba Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú oògùn ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà ní 2002, nítorí ẹ̀rí kò tó pé kò léwu. Ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, kó gbẹ omi àti iyọ̀ ara, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí èèyàn tọ̀. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ní Hajj 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lé ní 1,300 èèyàn tó kú. Ṣé ibẹ̀ lèèyàn á ti máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ omi inú? Ọlọ́hun ní ká má fọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun (Súrà 2:195).

Tẹ́ ẹ bá gé ewé náà, ẹ gbé e dúró kí oje rúsúrúsú yẹn ro dànù, ẹ bó o, ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ tó fi omi dídán náà pa itan. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìsàlẹ̀ apá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí ara ẹlòmíràn kì í gbà á. Kò dí àlùwàlá lọ́wọ́. Bí itan bá ti di egbò tó ń ṣọyún, ẹ lọ bá dókítà ikọ̀ Hajj yín.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.